Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Tí Rédíò Fi Dákẹ́

Àwọn oníbàárà ló sọ agẹrun kan ní Rédíò, òun náà kò sì bá wọn jiyàn. Bí ẹ bá jókòó sórí àga rẹ̀, kí ó tó fi aṣọ wé yín lọ́rùn tán, ó ti sọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù tó wọlé, ẹni tó gbá èyí tí kò wọlé, àti ohun tí òun ì bá ṣe ká ní òun ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù náà fún. Bẹ́ẹ̀ kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Àwọn kan wà tí irun wọn kò tíì kún rárá, wọ́n á wá, wọ́n á ní kó bá àwọn tún etí irun ṣe díẹ̀, nítorí àtigbọ́ ìyókù ìtàn tó dá dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jọ ń lò. Apá ọ̀tún ni tirẹ̀, apá òsì ni àbúrò ti ń dirun fún àwọn obìnrin, kọ́tìnì búlúù kan ló là wọ́n láàárín. Kọ́tìnì náà kò dí ọ̀rọ̀ lọ́nà. Bí Rédíò bá ti fẹ́ fi àbùmọ́ sí i lápá ọ̀tún, àbúrò rẹ̀ á ti ké láti apá òsì pé, "Ẹ má dá a lóhùn o! Èmi náà wà níbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á sì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, orí àpótí ni Rédíò ti ṣubú, níbi tó ti ń gbé fáànù kọ́ sókè àjà. Ẹ̀yìn ló fi gbalẹ̀. Dókítà fún un ní oògùn ìrora kan tó lágbára, ó ní kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹ̀yìn náà jinná, ṣùgbọ́n Rédíò kò lè jáwọ́ nínú oògùn. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì, oṣù méjì di ọdún méjì. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń lò ó kí ara lè tù ú. Nígbà tó yá, ìtura tán nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn ń lò ó kí ara má baà dojú ìjà kọ ọ́ ni. Bí wákàtí díẹ̀ bá ti kọjá tí kò rí i, imú á máa ṣomi, ikùn á máa lọ́, ẹsẹ̀ kò ní fẹ́ dúró sójú kan.

Rédíò wá bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ rò pé inú ló ń bí i. Ó lè máa gẹrun lọ, kí orí rẹ̀ máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀rọ ìgẹrun máa kùn nínú afẹ́fẹ́ lásán. Àbúrò rẹ̀ á gbọ́ pé ẹ̀rọ ń kùn, kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn. Á ju kóòmù gba orí kọ́tìnì.

"Bọ̀dá mi! Orí èèyàn ló wà níwájú yín o!"

"Mo ń ronú ni."

"Ẹ lajú ronú!"

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ síta, tíṣà kan ló wà lórí àga, ó fẹ́ lọ ya fọ́tò. Rédíò ń tọ́ ilà iwájú orí rẹ̀, oorun gbé e lọ, ẹ̀rọ bá yọ̀ wálẹ̀, ó sì gẹ irun òkè ojú òsì tíṣà náà kúrò mọ́lẹ̀mọ́lẹ̀. Tíṣà dìde, ó dúró níwájú dígí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó fi ìka kan ibi tó dán náà, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ibí yìí náà wà lára ohun tí mo bẹ̀ yín?"

Àbúrò sáré jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó fi pẹ́ńsù tó fi ń kun ojú ara rẹ̀ ya òmíràn dípò. Ó yà á ga jù. Gbogbo ọjọ́ náà ni tíṣà fi dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìyanu kan fún, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò sì lè ka ìwé kankan.

Ẹ̀rín wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àbúrò sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìdí ògiri mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí tíṣà lọ tán, ó fa wáyà ẹ̀rọ ìgẹrun náà yọ, ó ká a rẹ́gírẹ́gí, ó sì kó o sínú báàgì ara rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé oògùn ìrora yẹn ni. Ẹ ò ní fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni mọ́, àfi tí ẹ bá gba ìtọ́jú."

Rédíò wo ojú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà á ju báàgì lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbìyànjú fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó di eyín mú, ó ní òun kò ní fẹnu kàn án mọ́. Nígbà àkọ́kọ́, ọjọ́ kejì ló fò jáde. Nígbà kejì, kò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tó sọ ọ́ fún ló ń ní kó ṣe ọkàn akin. Òun náà wá gbà pé bóyá ọkàn ni wọn kò fi sí òun nínú nígbà tí wọ́n ń dá òun.

Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń wá dirun lọ́dọ̀ àbúrò ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n fa orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn rárá. Ara rẹ̀ ló ti kọ́ láti máa béèrè. A ní oògùn kan tí à ń fi sábẹ́ ahọ́n. Ibi tí oògùn ìrora yẹn máa ń jókòó sí nínú ara, òun ló máa gba àga níbẹ̀. Ara á sinmi, ojú á là, ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Yé, rọra fà á, orí mi nìyẹn! Ṣùgbọ́n kó má fẹnu kan ti àtijọ́ láti àná ọjọ́ tó máa wá. Bí tuntun bá bá àtijọ́ nínú ara, ó máa lé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àìsàn tí yóò ṣe é yóò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ara rẹ̀ ti máa ni ín dáadáa kó tó wá."

Àbúrò jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Rédíò gbọ́ ọ, ó fi orí lé ọwọ́.

"Mo máa bá ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," ló wí. "Bí mi ò bá rí ìtura lọ́jọ́ náà gan-an, mi ò ní lọ lọ́jọ́ kejì, o ò sì ní fà mí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ohun tí àbúrò kò sọ fún un ni pé nọ́ọ̀sì ti ní ọjọ́ kejì ṣe pàtàkì bí ọjọ́ kìíní.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, Rédíò ti lo odindi ọjọ́ kan láìfẹnu kàn án. Oòrùn ti yọ, síbẹ̀ ó wọ súwẹ́tà méjì léra, ó fi táwẹ́lì wé ọrùn, ó ń yán bí ẹni tó fẹ́ gbé ojú ọ̀nà mì. Àbúrò rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ dà bí adìyẹ tí òjò pa."

"Ìwọ ọmọ yìí, má jẹ́ kí n gbá ẹ létí."

"Ẹ kọ́kọ́ rí etí mi ná. Ẹ ti di ara yín mú, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ilé ìwòsàn náà kéré: bẹ́ńṣì mẹ́ta, fáànù kan lára ògiri, ẹ̀rọ ìwọ̀n kan, àti àwòrán eyín ńlá kan tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo aláìsàn. Nọ́ọ̀sì ti ń dúró dè wọ́n nídìí tábìlì, pẹ̀lú bébà tí yóò fi kọ bí ara ṣe ń ṣe é sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Dáadáa ni mà," ni Rédíò wí, imú rẹ̀ sì ń ṣomi bọ́ sórí súwẹ́tà. "A dúpẹ́."

Nọ́ọ̀sì gbé bíírò sókè, kò kọ nǹkan kan. Àbúrò fò dìde.

"Dáadáa wo? Bọ̀dá mi, ẹ wo ibi tí a wà! Níbí yìí, ẹni tó bá ní dáadáa ni òun wà, ilé ni wọ́n á ní kó máa lọ!"

"Òótọ́ ló sọ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ ṣe àìmọ̀wàáhù díẹ̀ fún mi láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Báwo lara?"

Rédíò sì sọ ọ́. Ikùn rẹ̀ ń lọ́, eegun ń ro ó, irun ara rẹ̀ dìde, òtútù ń mú un, òógùn sì bò ó. Ó sọ ọ́ títí tí bébà fi kún. Nọ́ọ̀sì ka iye tó kọ, ó wo ẹyinjú rẹ̀, ó ní, "Ó tó." Ó mú hóró oògùn kan jáde, kò tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì.

"Abẹ́ ahọ́n. Ẹ jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e mì, ẹ ò gbọdọ̀ mu omi, ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

Àbúrò na etí. "Mà, ẹ tún ti ìgbẹ̀yìn yẹn sọ."

"Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

"Fún ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́wàá."

Àbúrò dì mọ́ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. "Mà, ogójì ọdún ni màmá wa fi gbàdúrà fún irú oògùn yìí!"

Rédíò kò lè dá a lóhùn, oògùn ti wà lábẹ́ ahọ́n. Ó fi ojú bú u. Nọ́ọ̀sì wọ yàrá dókítà lọ láti kó fáìlì, àbúrò sì jáde lọ ra omi tó máa mu tó bá ṣe tán. Ó wá ku òun nìkan lórí bẹ́ńṣì, òun àti aago ara ògiri.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ dáadáa. Ní ìkárùn-ún, màmá àgbàlagbà kan wọlé, ó wá kí wọ́n lè wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó rọra jókòó sí bẹ́ńṣì kejì.

"Ẹ kú ìjókòó o."

Rédíò tẹrí ba.

Màmá rò pé kò gbọ́. "Mo ní, ẹ kú ìjókòó."

Rédíò dìde díẹ̀, ó na ọwọ́ kan ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ètè tó papọ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe gbogbo ohun tí ọmọlúàbí lè ṣe láìlanu. Lójú màmá, ọkùnrin gìrìwò kan tó wọ súwẹ́tà méjì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Háà," ni màmá wí, ó yíjú sí àwòrán eyín, bí ẹni pé eyín ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ayé mà ti dé ibi tó dé o. Èèyàn á kí ọmọ tí òun lè bí, á máa wo èèyàn bí ẹni tó ń wo mọ́tò. Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ irú èyí?"

Wọ́n lè bú Rédíò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dé ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti là.

"Ẹ káàárọ̀ mà! Ẹ má bínú mà, kì í ṣe ìwà mi, oògùn ni wọ́n fi sí mi..."

Ó gbé itọ́ mì. Oògùn bá itọ́ lọ.

Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó fi ahọ́n wá gbogbo kọ̀rọ̀ ẹnu. Kò sí nǹkan kan. Màmá ti ń yọ́nú, ó ń ní kó dìde, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Rédíò padà sórí bẹ́ńṣì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ṣì kù lára aago. Nọ́ọ̀sì kò rí i. Àbúrò kò tíì dé.

Èrò kan bá wọ inú rẹ̀ wá wẹ́rẹ́. Ó lè dákẹ́ títí aago á fi pé. Ó lè la ẹnu fún nọ́ọ̀sì, kó ní ó ti yọ́. Kì í ṣe irọ́ tó le jù fún un. Ọdún méjì ló ti fi parọ́ fún dókítà pé oògùn bọ́ sómi, fún àbúrò pé àìsùn ló ń dà á láàmú. Bó bá parọ́ èyí náà, ara kò ní tù ú, yóò sì lè sọ pé òun gbìyànjú, òun kò rí ìtura, àdéhùn ti pé. Ilé ló kàn. Ó sì mọ ohun tí òun yóò lọ ṣe nílé.

Ó rí i pé inú òun ti fẹ́ dùn sí i. Ìyẹn ló lé e dìde. Ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá dókítà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yí ọkàn padà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Mo ti gbé e mì."

"Ẹ gbé e mì? Kí ló dé?"

"Màmá yẹn ló kí mi."

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó wo màmá, ó fi fáìlì bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. "Ọ̀gá, ẹ ò ṣe kàn juwọ́?"

"Sí àgbàlagbà?"

Nọ́ọ̀sì ronú sí i. "Ó dáa. Mi ò lè bá yín jà lórí ìyẹn."

Ó béèrè lọ́wọ́ dókítà, ó sì padà wá sọ pé èyí tó bá gba inú ikùn lọ, díẹ̀ lára agbára rẹ̀ ló ń dé ibi tó yẹ, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ abẹ́ ahọ́n. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó jókòó díẹ̀, wọ́n á fún un ní òmíràn. Ó fi kún un pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ. Ọ̀pọ̀ kì í sọ." Rédíò ti múra sílẹ̀ fún èébú. Kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni màmá. "Yé! Èmi ni mo ba oògùn ọlọ́mọ jẹ́?"

Nígbà tí àbúrò dé, tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gbé omi sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ya etí páálí bisikíìtì kan, ó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sí i pé: Ẹ MÁ KÍ MI. MO Ń GBỌ́. OÒGÙN LÓ WÀ LẸ́NU MI. Ó fa òwú ìdirun jáde nínú báàgì, ó so páálí náà mọ́ ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màmá sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé ló ń dá dúró: "Ẹ má kí èyí tó wọ súwẹ́tà o! Bí ẹ bá kí i, ẹ̀mí mi lẹ fẹ́ gbà!"

Oògùn kejì wọ abẹ́ ahọ́n. Àbúrò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ bí ẹni tó ti ń retí ọjọ́ yìí látìgbà èwe.

"Ẹ rántí bọ́ọ̀lù ọdún yẹn, èyí tí ẹ máa ń sọ? Òfo sí òfo ló parí, àbí?"

Ojú Rédíò yọ síta.

"Ẹni tó ní bàtà pupa yẹn ni kò ṣe dáadáa. Wọ́n lé e jáde."

Rédíò lu itan ara rẹ̀. Ó na ìka méjì, ó tún na ọ̀kan, ó tọ́ka sí páálí, ó tọ́ka sí ọ̀run.

"Ẹ ò jiyàn? Ó dáa, ẹ gbà pé òótọ́ ni mo sọ."

Báyìí ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe pé, tí kò fi ráyè ronú nípa nǹkan mìíràn. Oògùn yọ́ tán. Nọ́ọ̀sì wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó ní kó máa dúró. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru màmá, ó ga díẹ̀, màmá ní ẹni tó kọ̀ láti kí òun ló gbé e sókè.

Imú ló kọ́kọ́ dá. Rédíò fẹ́ nu ún, kò rí nǹkan kan nù. Lẹ́yìn náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ó dúró jẹ́ẹ́ sílẹ̀. Òtútù náà ń kúrò lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó bọ́ súwẹ́tà kan. Kò pẹ́, ó bọ́ èkejì. Kò dà bí ti oògùn àtijọ́, tó máa ń gbé èèyàn lọ sókè kó tó jù ú sílẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti ń han láti àárọ̀, tó wá kú lójijì, tí èèyàn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ariwo náà ṣe pọ̀ tó. Ó ń gbọ́ fáànù. Ó ń gbọ́ aago. Ebi ń pa á, ebi gidi.

Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Méjì sí ẹyọ kan ni," ló wí. "Ẹni tó ní bàtà pupa yẹn ló sì gbá méjèèjì. Wọn ò lé e jáde. Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n lé e jáde?"

Àbúrò fẹ́ dá a lóhùn pẹ̀lú àwàdà. Ṣùgbọ́n omi ló ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń fi igun táwẹ́lì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nù ún. Rédíò kò dákẹ́ nítorí ìyẹn. Ó sọ bí bọ́ọ̀lù kìíní ṣe wọlé, ó sọ bí èkejì ṣe wọlé, màmá sì fara balẹ̀ gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ju pé bọ́ọ̀lù rí roboto lọ.

Kí wọ́n tó lọ, nọ́ọ̀sì ní kó padà wá lọ́la, kí wọ́n lè mọ iye tí ara rẹ̀ ń fẹ́.

"Ọjọ́ mélòó ni màá lò ó, mà?"

"Ó lè jẹ́ oṣù, ó lè jẹ́ ọdún. A ò ní kánjú."

Ojú Rédíò rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. "Ìyẹn ni pé oògùn ni mo tún ń gbára lé."

"Ojoojúmọ́ ni màmá yìí ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ta ló bú u sí i?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀?" ni màmá wí.

Àbúrò ti pinnu pé aago mẹ́jọ ni òun yóò lọ fà á lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ọkọ òun bó bá di dandan. Àdéhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Aago méje kò tíì lù tí ẹnì kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Ta ló tún lè jẹ́? Ṣé o ṣì ń sùn ni? Nọ́ọ̀sì ti máa dé!"

Ó ṣílẹ̀kùn. Rédíò ti wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ó fi lọ́fínńdà tó pọ̀ jù. Àbúrò kò kí i.

"Ọwọ́ yín dà?"

Ó na méjèèjì síwájú. Wọ́n ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ níbi orí ìka. Àbúrò wò wọ́n dáadáa, bí ẹni tó ń wo ọjà.

"Ẹ̀rọ ṣì wà lọ́dọ̀ mi o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Mi ò tíì béèrè. Wọ bàtà."

Ó wọ bàtà. Nígbà tó fi máa jáde, Rédíò ti dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú aládùúgbò kan, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe fún un bí wọ́n ṣe so páálí mọ́ òun lọ́rùn lánàá, ó sì ti fi àbùmọ́ sí i: èèyàn tí màmá dá dúró lẹ́nu ọ̀nà ti di ogún. Àbúrò tì í lẹ́yìn.

"Mẹ́ta ni wọ́n," ló sọ fún aládùúgbò. "Ẹ máa rìn, bọ̀dá mi. Ẹ máa sọ ọ́ lọ́nà."